Nínípọn Ìpele Aláàárín-Kan: Èdè Yorùbá Nínú Ìwọ̀n Wíwọ̀n Lórí Àwòrán Kọ̀ǹpútà

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé bí olùkọ́ èdè Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ṣe lè kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti wọn nínípọn àwọn ìpele tó yí àárín kan ṣoṣo po, irú èyí tó wà nínú àlùbọ́sà àti nínú ìtí igi, nípa lílo ètò kọ̀ǹpútà tí ń jẹ́ ImageJ. Ó fi hàn pé orí èdè ni iṣẹ́ náà dúró lé: akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lè sọ ibi tí ìwọ̀n rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ibi tó parí sí, àti ọ̀nà tó gbà kọjá, kò tíì wọn nǹkan kan, bí nọ́ńbà tilẹ̀ jáde lójú ẹ̀rọ. Ó tún fi hàn pé èdè Yorùbá ní àwọn ọ̀rọ̀ tí iṣẹ́ náà nílò, bí olùkọ́ bá fi ẹ̀sọ̀ yàn wọ́n.

1. Ìfáàrà

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Ìjọba Àpapọ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí Ìlànà Èdè ti Orílẹ̀-èdè, èyí tó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun ti wọ́gi lé ìlànà náà. Nígbàkígbà tí àríyànjiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí bá ṣẹlẹ̀, ohun kan wà tí kì í ṣàìjẹyọ: pé èdè abínibí kò ní ọ̀rọ̀ tó tó fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, débi tí yóò fi tó fún ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà.

Àwọn onímọ̀ ti dáhùn apá kan nínú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Láti ọdún 1970 ni Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ àbójútó Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tó fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ àwùjọ, tí èdè Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàyè ọ̀tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Ní ti èdè-ìperí, àwọn ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tó jáde ní 1984 àti 1990, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bámgbóṣé àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Awóbùlúyì ṣe olóòtú wọn, pèsè ọ̀rọ̀ fún ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè àti lítíréṣọ̀. Ohun tó kù ni kí olùkọ́ inú kíláàsì fi iṣẹ́ ọwọ́ dáhùn ìyókù, ọ̀kọ̀ọ̀kan, nínú àkókò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ èdè tí ó ní lọ́wọ́.

Iṣẹ́ kan tó rọrùn láti ṣe, tó sì le láti sọ, ni àpilẹ̀kọ yìí mú. Bí a bá gé àlùbọ́sà ní ìdábùú, òrùka-òrùka ni a ó rí. Báwo ni òrùka kọ̀ọ̀kan ṣe nípọn tó?

2. Kí ni ó ń nípọn?

Kí olùkọ́ tó tan kọ̀ǹpútà, ó yẹ kí ó kọ ọ̀rọ̀ ìṣe mẹ́fà sójú pátákó: nípọn, ki, fẹ̀, jìn, ga, gùn. Kí ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ohun tó bá a mu. Láìpẹ́ wọn yóò rí i pé pátákó, aṣọ òfì àti awọ màlúù ni ó ń nípọn; ògì àti ọbẹ̀ ni ó ń ki; ọ̀nà àti odò ni ó ń fẹ̀; kànga ni ó ń jìn. Yorùbá kò ní í sọ pé ọbẹ̀ nípọn, bẹ́ẹ̀ ni kò ní í sọ pé pátákó ki.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ohun tó ní ojú méjì tó kọjú sí ara wọn lọ́nà òdì ni a ń sọ pé ó nípọn, àyè tó wà láàárín ojú kan sí èkejì ni a sì ń wọ̀n. Ìtumọ̀ yìí gan-an ni iṣẹ́ náà nílò. Ìpele àlùbọ́sà ní ojú inú, ó ní ojú òde. Nínípọn rẹ̀ ni àyè tó kúrú jù lọ láti ojú inú dé ojú òde.

Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà níbí tí olùkọ́ kò gbọdọ̀ fò. Nígbà tí a bá ya àwòrán àlùbọ́sà tí a gé, ohun tí ojú ń rí lórí àwòrán pẹlẹbẹ ni òrùka, òrùka náà sì dà bí ọ̀nà tó yí ìlú po. Akẹ́kọ̀ọ́ lè sọ pé òrùka yìí fẹ̀ ju ìyẹn lọ. Kò ṣìnà bó bá ń sọ̀rọ̀ nípa àwòrán. Bó bá ń sọ̀rọ̀ nípa àlùbọ́sà fúnra rẹ̀, nípọn ni ọ̀rọ̀ tó yẹ, nítorí pé ìpele tó yí ara po bí ìkòkò nínú ìkòkò ni òrùka náà jẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá lè sọ ìgbà tí fẹ̀ yẹ àti ìgbà tí nípọn yẹ ti mọ̀ pé àwòrán nǹkan yàtọ̀ sí nǹkan náà.

3. Àlùbọ́sà àti igi: níbo ni a ti ń kà á?

Àlùbọ́sà àti igi jọra lójú, ṣùgbọ́n wọn kò dàgbà bákan náà. Ìdí ewé ni ìpele àlùbọ́sà. Àárín ni ewé tuntun ti ń yọ, tó sì ń ti àwọn ti tẹ́lẹ̀ sóde. Nítorí náà ìpele tó wà lóde pátápátá ni ẹ̀gbọ́n, èyí tó wà láàárín ni àbúrò. Igi kò rí bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ èèpo igi, níbi tí èèpo àti igi ti pàdé, ni awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí ń hu igi tuntun. Ìpele tó wà láàárín igi ni ó pẹ́ jù, èyí tó sún mọ́ èèpo ni àbíkẹ́yìn.

Fún ìdí yìí, gbólóhùn bí “ìpele kẹta” kò ní ìtumọ̀ kankan títí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi sọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. “Ìpele kẹta láti òde wọnú” àti “ìpele kẹta láti inú bọ́ sóde” jẹ́ ohun méjì. Olùkọ́ ní láti mú àwọn gbólóhùn àpọ́nlé wọ̀nyí bí apá kan gírámà ẹ̀kọ́ náà.

Ní ti igi, iye tí nínípọn ìpele ń kó kì í ṣe kékeré. Ní ilẹ̀ tí òtútù ti máa ń dá igi dúró lọ́dọọdún, ìpele kan ni igi sábà máa ń fi kún ara rẹ̀ lọ́dún. Ní ilẹ̀ gbígbẹ, ọdún tí òjò bá pọ̀ a máa fi ìpele tó nípọn sílẹ̀, ọdún ọ̀dá a sì máa fi èyí tó fẹ́lẹ́ sílẹ̀. Andrew Ellicott Douglass, onímọ̀ nípa ìràwọ̀, ni ó sọ kíka ìpele wọ̀nyí di ẹ̀ka ìmọ̀ ní Arizona ní Amẹ́ríkà, níbi tó ti dá yàrá ìwádìí òrùka igi sílẹ̀ ní Yunifásítì Arizona ní 1937. Ní ilẹ̀ olóoru, ọ̀pọ̀ igi kì í ní òrùka tó hàn kedere, nítorí pé ìdàgbà wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ dáwọ́ dúró. Síbẹ̀, igi tíìkì, tí wọ́n gbé wọ Nàìjíríà láti Éṣíà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, a máa wọ́wé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òrùka rẹ̀ sì máa ń hàn. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá wà nítòsí ibi tí wọ́n ti ń la pákó tíìkì lè tọrọ gígé tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Kí olùkọ́ kìlọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kíka òrùka igi ilẹ̀ olóoru kì í ṣe ọjọ́ orí igi ní tààrà. Ẹni tó bá fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní ẹ̀rí pé ọdọọdún ni igi náà ń fi òrùka kan kún ara rẹ̀.

4. Àwòrán tó ṣe é wọ̀n

Ohun èlò tí a nílò kò pọ̀: àlùbọ́sà ńlá kan, ọ̀bẹ mímú, rúlà, ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ tó ní kámẹ́rà, àti kọ̀ǹpútà kan. Kí olùkọ́ fúnra rẹ̀ gé àlùbọ́sà ní ìdábùú. Bí a bá là á ní òòró, òrùka kò ní í hàn. Àwọn àlùbọ́sà kan ní àárín méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti ìwọ̀n ni kí ó jẹ́ aláàárín-kan, ṣùgbọ́n kí a má ṣe sọ èyí tó ní àárín méjì nù: ó wúlò fún ìbéèrè nípa ohun tí “àárín” túmọ̀ sí.

Ohun mẹ́ta ni ó ń ba àwòrán jẹ́. Àkọ́kọ́, àwòrán tí kò ní rúlà nínú kò ní òṣùwọ̀n. Kò sí ẹni tó lè mọ̀ bóyá àlùbọ́sà ni tàbí ìtí igi ńlá. Èkejì, kámẹ́rà tó bá dagun yóò sọ òrùka di bí ẹyin. Òkè tààrà ni kí ó ti wo ojú tí a gé. Ẹ̀kẹta ni èyí tí kì í tètè hàn sí ojú: rúlà àti ojú tí a gé gbọ́dọ̀ wà ní ìpele gíga kan náà. Bí kámẹ́rà bá jìn sí ojú àlùbọ́sà ní mílímítà 300, tí rúlà sì wà lórí tábìlì ní mílímítà 30 nísàlẹ̀ ojú náà, rúlà yóò kéré lójú ju bó ti yẹ lọ. Nígbà náà, ìpele tó nípọn tó mílímítà 3 ní tòótọ́ yóò jáde bíi 3.3. Kí a gbé rúlà lé ìwé tàbí pákó títí yóò fi bá ojú àlùbọ́sà dọ́gba.

5. Ìlò ètò ImageJ

Wayne Rasband ni ó kọ ImageJ ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìlera ti ìjọba Amẹ́ríkà, NIH, ní 1997. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ lẹ́yìn tí a bá ti gbà á sórí kọ̀ǹpútà. Gẹ̀ẹ́sì ni ó kọ sójú rẹ̀, nítorí náà àwọn orúkọ àṣẹ rẹ̀ yóò wà bí wọ́n ṣe wà, àlàyé wọn ni yóò jẹ́ ti Yorùbá.

Àwọn ìgbésẹ̀ náà nìyí:

(i) Kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣí àwòrán náà. Kí ó yan irinṣẹ́ ìlà gbọọrọ, kí ó sì fa ìlà lórí rúlà inú àwòrán láti 0 dé mílímítà 50.

(ii) Kí ó lọ sí Analyze, kí ó yan Set Scale. Kí ó kọ 50 sí ibi Known distance, kí ó sì kọ mm sí ibi Unit of length. Ohun tí ó ń ṣe níbí ni fífún àwòrán ní òṣùwọ̀n. Àwọn ẹ̀kán tíntìntín tí a ń pè ní píksẹ́ẹ̀lì ni àwòrán kọ̀ǹpútà fi jọ. Bí ìlà orí rúlà bá gba píksẹ́ẹ̀lì 1,000 kọjá, a jẹ́ pé píksẹ́ẹ̀lì 20 ló dúró fún mílímítà kan; ìpele tó bá gba píksẹ́ẹ̀lì 64 kọjá nípọn tó mílímítà 3.2.

(iii) Kí ó wá àárín àlùbọ́sà, kí ó sì fojú ya ìlà kan láti ibẹ̀ dé etí. Ìlà yìí ni a lè pè ní ìlà àárín-sétí.

(iv) Kí ó fa ìlà kékeré sórí ìpele tó fẹ́ wọ̀n, láti ojú inú dé ojú òde, kí ó máa tọ ojú ìlà àárín-sétí. Bó bá tẹ lẹ́tà M, ìwọ̀n yóò bọ́ sínú àtẹ èsì, lábẹ́ Length.

(v) Kí ó tún un ṣe lápá òkè, ìsàlẹ̀, ọ̀tún àti òsì. Nínípọn ìpele kan kì í dọ́gba yípo.

Bí ìpele bá rí wúruwùru, ọ̀nà mìíràn wà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi irinṣẹ́ ọlọ́pọ̀-igun yí etí òde ìpele náà po, kí ó wọn ààyè tó wà nínú rẹ̀, kí ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún etí inú. Bí a bá pín ààyè kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú 3.1416, tí a wá gbòǹgbò onílọ́po-méjì rẹ̀, a ó rí gígùn àárín-sétí rẹ̀. Ká ní ti òde jẹ́ mílímítà oníhà-mẹ́rin 1,256.6, ti inú sì jẹ́ 907.9. Àárín-sétí wọn jẹ́ mílímítà 20 àti 17, nínípọn ìpele náà sì jẹ́ mílímítà 3 bí a bá pín in dọ́gba yípo.

6. Ìlà tó dagun

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ ni ìlà tí kò tọ ojú àárín-sétí. Ẹni tó bá gba ọ̀nà ìdagun la oko kọjá yóò rìn ju ẹni tó gba tààrà lọ, oko náà kò sì tìtorí ìyẹn tóbi sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìlà orí ìpele. Bí ìpele bá nípọn tó mílímítà 3, tí ìlà sì fi ìwọ̀n igun 30 yẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà, nǹkan bíi 3.46 ni ẹ̀rọ yóò kọ. Bó bá fi igun 45 yẹ̀, yóò kọ nǹkan bíi 4.24. Bó bá fi igun 60 yẹ̀, yóò kọ 6, ìlọ́po méjì òtítọ́.

Ẹ̀rọ kò ní í bá ẹnikẹ́ni wí. Kò mọ̀ pé ìlà dagun, nítorí pé gígùn ìlà nìkan ni a ní kí ó wọ̀n. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti lè sọ lédè rẹ̀ pé nínípọn ni àyè tó kúrú jù lọ láti ojú kan dé èkejì ni yóò rí àṣìṣe náà kí ó tó kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá fẹ̀sọ̀ pa èèrà ni yóò rí ìfun inú rẹ̀.

7. Kíkọ ìjábọ̀

Ìjábọ̀ ni olùkọ́ èdè yóò fi máàkì sí, kì í ṣe nọ́ńbà. Ẹ wo gbólóhùn yìí: “Ìpele kẹta jẹ́ 3.1.” Ohun mẹ́rin ni kò sí nínú rẹ̀: ibi tí a ti ń kà, ohun tí a wọ̀n, òṣùwọ̀n tí a lò, àti iye ìgbà tí a wọ̀n ọ́n. Ẹ wá wo èyí:

“Ìpele kẹta láti òde wọnú nípọn tó mílímítà 3.1 ní àròpín. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni a wọ̀n ọ́n, lórí ìlà àárín-sétí ti òkè, ìsàlẹ̀, ọ̀tún àti òsì. Èsì rẹ̀ jẹ́ mílímítà 3.2, 3.0, 2.8 àti 3.4. Òsì ni ó ti nípọn jù, ọ̀tún ni ó ti fẹ́lẹ́ jù. Ìyàtọ̀ àárín wọn jẹ́ mílímítà 0.6.”

Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí àgbà tí kò ka ìwé kò ní í lóye, àyàfi orúkọ òṣùwọ̀n. Ẹlòmíràn sì lè tún iṣẹ́ náà ṣe láti inú ohun tí a kọ. Bí olùkọ́ bá fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ka nọ́ńbà náà sókè, wọ́n lè kà á bí “mílímítà mẹ́ta àti ìdá kan nínú mẹ́wàá.”

Fún ìdánwò, kí olùkọ́ ní kí ẹgbẹ́ kan kọ ìlànà iṣẹ́, kí ẹgbẹ́ kejì tí kò rí àlùbọ́sà ẹgbẹ́ kìíní tẹ̀ lé e lórí àwòrán kan náà. Níbi tí èsì méjèèjì bá ti yapa, kí wọ́n jọ wá gbólóhùn tó fà á. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni yóò jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: “kẹta” tí kò sọ láti ibo, tàbí “etí” tí kò sọ ti inú tàbí ti òde.

8. Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní kọ̀ǹpútà

Àìsí kọ̀ǹpútà tàbí iná mànàmáná kò dá ẹ̀kọ́ yìí dúró. Kí olùkọ́ tẹ àwòrán náà sórí ìwé ní títóbi, rúlà inú rẹ̀ ńkọ́, kí ó wà níbẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi rúlà tiwọn wọn rúlà inú àwòrán. Bí mílímítà 50 inú àwòrán bá gùn tó 150 lórí ìwé, wọn yóò pín gbogbo ìwọ̀n wọn sí mẹ́ta. Ohun tí Set Scale ń ṣe náà nìyẹn, ọwọ́ ni ó yàtọ̀. Kódà, yóò dára kí àwọn tó ní kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ gba ọ̀nà yìí, kí ẹ̀rọ má baà di awo lójú wọn.

9. Àgbálọgbábọ̀

Ìṣòro tí ẹ̀kọ́ yìí gbé síwájú kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Olùkọ́ èdè Haúsá ní ọ̀rọ̀ kauri lọ́wọ́; ìbéèrè tirẹ̀ ni irú àwọn ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń bá rìn, àti bí yóò ṣe ya nínípọn ìpele sọ́tọ̀ sí kíki ohun olómi. Olùkọ́ èdè Ìgbò, Ẹ̀fík, Tìv tàbí Nupe yóò ní ìbéèrè tirẹ̀. Àlùbọ́sà kan náà ni gbogbo wọn yóò gé, ọ̀rọ̀ ìṣe tí wọn yóò kọ sójú pátákó ni yóò yàtọ̀, bí wọ́n bá sì fi àkọsílẹ̀ wọn ṣọwọ́ síra wọn, ìwé èdè-ìperí kan ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn láti inú kíláàsì.

Ìlànà ìjọba lè dé, ó sì lè lọ, bó ti rí láàárín 2022 àti 2025. Àkókò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ èdè tó wà lórí tábìlì ìgbà-ẹ̀kọ́ ṣì wà lọ́wọ́ olùkọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti wọn ìpele àlùbọ́sà, tó kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá tó yè kooro, tí ẹlòmíràn sì tẹ̀ lé àkọsílẹ̀ rẹ̀ títí tó fi bá èsì kan náà, kò tún nílò kí ẹnikẹ́ni máa bá a jiyàn bóyá èdè rẹ̀ lè gbé sáyẹ́ǹsì. Ó ti gbé e.